Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà

Ẹni tó bá gbé Èkó tàbí Ìbàdàn rí á ti rí i: wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú lè rò pé gbájúẹ̀ ìta nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ó kàn wọ́n lóòótọ́, àmọ́ gbájúẹ̀ ìta kò mọ orúkọ bàbá tó kọ́ ilé, kò mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, kò sì lè mú oníbàárà wọ ẹ̀yìnkùlé lọ fi kànga hàn án. Ọmọ ilé ló lè ṣe gbogbo ìyẹn. Àwọn ará ilé ló ń fi ọ̀dà yẹn ṣọ́ ara wọn. Ohun tí ògiri ń sọ ni pé: a pọ̀ tí a ni ilé yìí, tí ẹnì kan nínú wa bá wá bá ọ pé gbogbo wa la rán òun wá tà á, má dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ògiri yìí ló ń wá sí wa lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí a bá ń ka ìtàn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, The Doors. Ilẹ̀kùn ni orúkọ wọn túmọ̀ sí. Olórin wọn, Jim Morrison, kú ní 1971. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn mẹ́ta tó kù tó gbé ara wọn lọ sí kóòtù lórí orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ìbéèrè tó gbé wọn débẹ̀ kì í ṣe ti àwọn olówó nìkan: tí àwa mẹ́rin bá jọ ni nǹkan kan, tí ọ̀kan nínú wa sì kú, ta ló ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ fún un? Ìbéèrè yìí ti kan ilẹ̀kùn tiwa náà. A ó débẹ̀ kí a tó parí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Morrison àti Ray Manzarek jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa sinimá ní yunifásítì UCLA. Ní 1965 wọ́n pàdé ní etíkun Venice ní Los Angeles, Morrison kọ díẹ̀ nínú orin tó ti ń kọ sílẹ̀ fún un, Manzarek sì ní ó yẹ kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. John Densmore wá ń lu ìlù, Robby Krieger ń ta gìtá, Manzarek ń tẹ dùùrù. Rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ jáde ní Oṣù Kìíní 1967. Nígbà tó fi máa di Oṣù Keje ọdún yẹn, orin wọn "Light My Fire" ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Krieger ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin náà.

Òkìkí wọn kọ́ ló jẹ wá lógún. Bí wọ́n ṣe pín nǹkan ló jẹ wá lógún. Mẹ́rin dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ń pín owó. Lórí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, wọn ò kọ pé lágbájá ló kọ orin yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé wọn ò ní ṣe ohunkóhun ní orúkọ ẹgbẹ́ àfi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbà. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ní "rárá", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa: Morrison ni àwòrán rẹ̀ wà níwájú, òun ni àwọn èrò ń pariwo orúkọ rẹ̀. Tó bá ní ìdajì ni kí wọ́n fún òun, ta ni ì bá jà á níyàn? Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ó gba ìpín kan nínú mẹ́rin bíi ti onílù.

Ní 1968, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Buick wá. Wọ́n fẹ́ fi "Light My Fire" polówó mọ́tò, wọ́n sì fẹ́ san 75,000 dọ́là. Owó ńlá ni nígbà yẹn. Morrison ò sí nílé, wọn ò rí i bá sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta yòókù bá gbà. Nígbà tó dé tó gbọ́, inú bí i gan-an. Ó ní òun á gbé ọkọ̀ Buick kan sórí pèpéle, òun á sì fọ́ ọ wómúwómú níwájú èrò. Ẹ má gbàgbé pé Krieger ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin tí à ń sọ yìí. Bó ṣe yé wa, orin nìkan kọ́ ló dùn ún. Wọ́n ti sọ pé "a gbà" nígbà tí òun ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti ta ilé nígbà tí ọmọ ilé kan lọ sí ọjà.

Morrison kú ní Paris ní ọjọ́ 3 Oṣù Keje 1971. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Inú itẹ́ òkú Père Lachaise níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ó ti kọ ìwé ogún sílẹ̀ ní 1969 pé kí gbogbo nǹkan òun di ti Pamela Courson, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1974, Pamela náà kú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lòun náà, kò sì kọ ìwé ogún kankan sílẹ̀. Ni àwọn òbí Pamela àti àwọn òbí Morrison bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí wọ́n fi gbà láti pín in sí méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ pani lẹ́rìn-ín nìyí, tí kì í bá ṣe pé ikú ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Morrison ní 1967, ó sọ fún wọn pé àwọn òbí òun ti kú. Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ wà láàyè, ọ̀gá àgbà ni nínú àwọn ọmọ ogun orí omi Amẹ́ríkà. Àwọn tí ọmọ fi ẹnu pa ni wọ́n wá jogún ìdajì. Kò sì sí ẹni tó jalè níbẹ̀. Òfin kàn ń rìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: láti ọ̀dọ̀ Morrison dé ọ̀dọ̀ Pamela, láti ọ̀dọ̀ Pamela dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí, títí ó fi dé ibi tí olówó gan-an ì bá má fẹ́ kó dé. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìfẹ́ òkú ni àwọn alààyè ń ṣe, kó kọ́kọ́ ro ti ogún yìí wò.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ rántí. Lẹ́yìn ikú Morrison, àwọn mẹ́ta tó kù ò tú ká. Wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù méjì láìsí i, *Other Voices* ní 1971 àti *Full Circle* ní 1972, orúkọ The Doors gan-an ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n tú ká ní 1973. Ní 1978 wọ́n tún pàdé, wọ́n fi ohùn ìlù àti dùùrù sí abẹ́ ewì tí Morrison ti kà sínú ẹ̀rọ nígbà tó wà láàyè, wọ́n pè é ní *An American Prayer*. Densmore wà nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí nínú àwọn mẹ́ta tó pe ara wọn lẹ́jọ́. Ẹ bá wa fi èyí sápò ná, a máa lò ó.

Ó wá di ìgbà tí ọ̀rúndún tuntun wọlé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Cadillac ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi orin "Break On Through" polówó ọkọ̀, wọ́n ní àwọn á san mílíọ̀nù 15 dọ́là. Manzarek gbà. Krieger gbà. Densmore ní rárá. Cadillac kọjá lọ bá Led Zeppelin, wọ́n sì lo orin tiwọn ní 2002. Ọdún yẹn kan náà, Manzarek àti Krieger kó ẹgbẹ́ tuntun jọ. Wọ́n mú Ian Astbury, olórin ẹgbẹ́ The Cult, láti máa kọ orin tí Morrison ń kọ, wọ́n sì pe ara wọn ní The Doors ti ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ní 2003, Densmore pè wọ́n lẹ́jọ́: orúkọ yìí kì í ṣe ti ẹni méjì. Àwọn òbí Morrison àti ti Pamela dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ọmọ ní wọ́n ti kú ló wá dìde gbèjà orúkọ ọmọ.

Manzarek àti Krieger náà pe Densmore lẹ́jọ́ padà. Mílíọ̀nù 40 dọ́là ni wọ́n béèrè, wọ́n sì ka "rárá" tó sọ sí Cadillac mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní 2004, àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní Los Angeles kò dá Densmore lẹ́bi. Ní 2005 adájọ́ fòfin de lílo orúkọ náà, ó sì ní kí wọ́n mú èrè tí wọ́n ti fi orúkọ yẹn rí wá fún gbogbo ẹni tó ni ín. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ yìí ní 2008. Ohun tí wọn ò gbà lọ́wọ́ wọn ni orin. Wọ́n lè máa kọ ọ́ káàkiri ayé tó bá wù wọ́n. Wọ́n sì ń kọ ọ́, wọ́n kàn ń fi orúkọ mìíràn jáde ni.

Ó rọrùn láti sọ pé Densmore ni olóòótọ́, àwọn méjì tó kù ni wọ̀bìà. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba ẹjọ́ wọn rò díẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Manzarek ní 2002. Ẹgbẹ́ The Doors kì í mú onígìtá báàsì gun pèpéle. Ọwọ́ òsì Manzarek ló fi ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ orin. Ẹ yọ ọwọ́ méjèèjì yẹn kúrò, kí ló kù nínú orin yẹn? Ìwọ fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ kọ́ nǹkan, o dàgbà, o fẹ́ tún un ṣe fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn, wọ́n wá ní o ò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́. Ó dunni. Ti Krieger tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: orin tó jẹ́ pé òun ló kọ ọ́ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà láti 1968. Ẹni tó ti kú kì í jẹun, kì í san owó dókítà. Alààyè ni ebi ń pa.

Ẹ̀wẹ̀, àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi gbe Densmore ò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n ní "Jim ò bá má fẹ́ ẹ." Báwo la ṣe mọ̀? Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló sọ ní 1968. Àwa tí a ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, tí ẹ bá ní kí a dúró lórí gbogbo ohun tí a fi ìbínú sọ nígbà tí a jẹ́ ọmọ mẹ́rìnlélógún, a gbé! Alààyè láǹfààní láti yí ọkàn padà. Densmore gan-an yí i padà rí: ó gbà nígbà kan kí ilé iṣẹ́ táyà Pirelli lo orin wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ dà á láàmú, ó bá fi ìpín tirẹ̀ ṣe ìtọrẹ. Ó lè ṣe, ó lè kábàámọ̀, ó lè tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Òkú ò lè ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ibi tí ikú bá a ló dì sí. Tí a bá wá ń pe ibi tó dì sí yẹn ní "ìfẹ́ rẹ̀," àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìfẹ́ tiwa la wọ̀ ní ẹ̀wù òkú. Ẹni tó fẹ́ tà á lè ní Jim ì bá jó tó bá rí owó yẹn. Ẹni tí kò fẹ́ lè ní Jim ì bá fọ́ mọ́tò. Òkú ò ní dìde já ẹnikẹ́ni nírọ́. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Densmore dì mú gan-an?

Ẹ mú ohun tí a fi sápò lẹ́ẹ̀kan jáde. Rẹ́kọ́ọ̀dù méjì wà tí wọ́n fi orúkọ The Doors ṣe láìsí Morrison, kò sì sí ìjà nínú ilé. Ìyẹn fi hàn pé orúkọ náà ò bá olórin wọ ilẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan nígbà tó wà láàyè, kò sì kú nígbà tó kú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1971 àti 2002 kò sí lọ́dọ̀ òkú rárá, ọ̀dọ̀ alààyè ló wà: ní 1971 gbogbo àwọn tó kù gbà, ní 2002 ẹnì kan ò gbà. Ohun tí wọ́n bá ara wọn ṣe ni àdéhùn pé kò sí ẹni tó máa dá sọ pé "àwa." Àdéhùn yẹn ni Densmore dì mú. Ohun tí Morrison fi sílẹ̀ tó dá wa lójú kì í ṣe èrò rẹ̀ nípa mọ́tò. Ó fi ìpín kan nínú mẹ́rin sílẹ̀, nínú owó àti nínú "rárá." Ẹnikẹ́ni tó bá jogún ìpín yẹn, ì báà jẹ́ bàbá tó sọ pé ó ti kú, ó jogún ẹnu mọ́ ọn.

Àwọn bàbá wa mọ èyí dáadáa. Bí Yorùbá ṣe ń pín ogún, ọ̀nà méjì ló wà. Ìdí-igi ni kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ. Orí-ò-jorí ni kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Nígbà tí Suberu Dawodu kú ní 1940, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀, ẹjọ́ bí wọ́n ṣe máa pín in sì lọ láti Èkó títí dé iwájú Privy Council ní London. Ní 1962 ni wọ́n ní ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà tó múlẹ̀. Àmọ́ ìdí-igi ni o, orí-ò-jorí ni o, ohun tí a lè pín nìyẹn. Ilẹ̀ ẹbí yàtọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfin ní wọn ò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí náà bá dá a tà láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà ẹbí tó kù, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. A lè pín owó títí kóówá á fi mọ tirẹ̀. A ò lè pín "àwa" kí kálukú gbé díẹ̀ lọ sílé. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yẹn ní Los Angeles ò mọ olórí ẹbí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí nìyẹn: owó jẹ́ orí-ò-jorí, orúkọ jẹ́ ilẹ̀ ẹbí.

Ẹnì kan á ní, ẹ dúró ná. Ṣé "rárá" ẹnì kan ò lè di ìkà? Ó lè dì í. A mọ ilé ẹbí tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò láti ìgbà tí a wà ní kékeré, tí wọn ò lè tún un ṣe, tí wọn ò sì lè tà á, torí pé ọmọ ìyá mọ́kànlá ló ní ẹnu, kò sì sí ẹni tó ní ọwọ́. Ojoojúmọ́ ni Buroda kan nínú wọn máa ń ní òun ò gbà, títí tí ògiri fi wó. Nítorí náà "rárá" fún ara rẹ̀ kì í ṣe ìwà rere. Nǹkan méjì la fi ń wọ̀n ọ́n.

Èkíní: ṣé ó ná ẹni tó sọ ọ́ ní nǹkan? Ẹ pín mílíọ̀nù 15 sí mẹ́rin, ó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti ìlàjì ó lé, fún Densmore náà bíi ti àwọn tó kù. Ohun tó dà sómi fún wọn, ó da tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó yàtọ̀ gédégédé sí Buroda tó ń ní òun ò gbà kí wọ́n lè fún un ní àpò ìkọ̀kọ̀ kó tó gbà. Ìyẹn ti ń ta "rárá" tirẹ̀, owó ni kò tíì tó. Yorùbá ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a ò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ín. Ẹni tó bá fẹ́ ní ká má ta ará ilé, kí ọwọ́ tirẹ̀ náà ṣófo.

Èkejì: ṣé ó fi ọwọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó kù láti ṣiṣẹ́? Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà mọ èyí. Ní 2006, àwọn tó ń ṣe Debian fẹ́ máa tún Firefox ṣe bó ṣe wù wọ́n. Mozilla ní ẹ lè mú gbogbo kóòdù, kò sí ẹni tó máa dí yín lọ́wọ́, àmọ́ tí ẹ bá ti yí i padà láìjẹ́ pé a fọwọ́ sí i, ẹ má pè é ní Firefox. Debian bá sọ ọ́ ní Iceweasel. Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 2016, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀, orúkọ àkọ́kọ́ padà wá. Ohun tí kóòtù ṣe fún Manzarek àti Krieger náà nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ máa gbé e lọ, kò sí ẹni tó lè gbà á. Orúkọ tó sọ pé gbogbo yín ló wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ àfi tí gbogbo yín bá wà níbẹ̀. A rò pé ìdájọ́ yẹn tọ́, kì í ṣe lójú òfin nìkan.

Àmọ́ kò sí ìdájọ́ tó lè dá ọ̀rẹ́ padà. Manzarek kú ní Jámánì ní Oṣù Karùn-ún 2013. Densmore ti pè é lórí fóònù kó tó kú, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí èèyàn méjì tó ti jọ rìn jìnnà. Ní 2016, Densmore àti Krieger jọ gun pèpéle ní Los Angeles láti fi ṣèrántí rẹ̀. Ní 2023, Krieger àti ẹbí Manzarek ta ìpín tiwọn fún ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Primary Wave. Densmore ò tà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìpín ẹni ni ìpín ẹni. Ṣùgbọ́n ará ilé tún ti yí padà nìyẹn.

Ní ibojì Morrison ní Paris, bàbá rẹ̀ fi irin pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí pé ọkùnrin yìí rìn bí ẹ̀mí tirẹ̀ ṣe darí rẹ̀. Yorùbá á ní ibi tí orí rẹ̀ gbé e lọ ló lọ. A fẹ́ràn bí bàbá yẹn ṣe ṣe é. Ọmọ rẹ̀ sọ pé ó ti kú, kò jiyàn. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun ì bá fẹ́ báyìí tàbí báyìí. Ó kàn sọ pé ó ní ẹ̀mí tirẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

A ṣèlérí pé a máa dé ọ̀dọ̀ ara wa. Àwa mẹ́rin la wà ní yunifásítì tí a kọ áàpù kékeré kan fún àwọn alájọ, kí wọ́n lè máa fi kọ iye tí kálukú dá àti ọjọ́ tó kàn án láti kó o. Ọ̀kan nínú wa ló fún un lórúkọ. Òun náà ló kú, ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ní ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní àwọn fẹ́ rà á, torúkọtorúkọ. A jókòó. Ẹnì kan nínú wa ní, "Tó bá wà níbí, á ní ká tà á, ṣé ẹ mọ bó ṣe fẹ́ràn owó." Ẹlòmíì ní, "Tó bá wà níbí, kò ní gbà láé." Àwa méjèèjì ń sunkún bí a ṣe ń sọ ọ́. A ò kọ àdéhùn kankan sílẹ̀ rí, ọ̀rẹ́ la jẹ́.

Ìgbà tó yá la ní ká lọ bá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. A dọ̀bálẹ̀, a jókòó, a ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. A sọ nípa orúkọ, a sọ nípa ohun tí ọmọ wọn ì bá fẹ́. Màmá gbọ́ wa tán. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ rántí wa. Ṣé nǹkan yìí ti ń mówó wọlé tẹ́lẹ̀ ni?"

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, díẹ̀díẹ̀ ni."

"Láti ìgbà tó ti lọ yìí, ta ló wá ń gba tirẹ̀?"

Kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú wa. Kì í ṣe pé a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́. Owó náà kò pọ̀, a kàn ń fi san owó sáfà, a ń pín èyí tó bá ṣẹ́ kù sí mẹ́ta. Mẹ́ta! A ti ń jiyàn lórí ohun tí òkú ì bá fẹ́, a ò sì tíì san ohun tó jẹ́ tirẹ̀ fún un. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a ṣí ìwé ìṣirò, tí a bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó kú, tí a sì ń pín in sí mẹ́rin padà.

A ò tíì ta áàpù náà. A ti sọ fún Màmá pé ẹnu wọn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí bíi ti ẹnikẹ́ni nínú wa, tí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá àbúrò àwọn sọ̀rọ̀ ná, ká fún àwọn láyè. A ń dúró.